Orí Karùn-ún: Oúnjẹ Ọ̀sán Òpin Ọ̀sẹ̀ ní Ilé Oúnjẹ Olówó Ńlá l'Ékòó

Ilé oúnjẹ ńlá pọ̀ ní Victoria Island, Ikoyi, Lekki àti Ikeja GRA, ṣùgbọ́n èyí tí iná ìdáná rẹ̀ ti ń jó ní aago kan ọ̀sán Sátidé kò pọ̀ tó bí èèyàn ṣe rò. Orí yìí wà fún ẹni tó fẹ́ gbé òbí, àna, ìyàwó tàbí ọ̀rẹ́ tó ti òkè òkun dé jáde lọ jẹun ọ̀sán lópin ọ̀sẹ̀, tí kò sì fẹ́ kí mọ́gàdì dá òun padà lẹ́nu géètì. Búkà kọ́ là ń sọ níhìn-ín o. Ìyá oníbúkà kì í fi ọ̀sán ṣeré. Ilé oúnjẹ tí agbáwo ti ń fa àga fúnni kí a tó jókòó, tí owó omi ìgò kan níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó àwo oúnjẹ kan níbòmíràn, là ń sọ.

Ohun tí ẹ máa nílò

Fóònù tó ní dátà àti owó ìpè. Nínú méjèèjì, owó ìpè ló ṣe pàtàkì jù, ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Orúkọ ilé oúnjẹ mẹ́ta, tí ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ti hòtẹ́ẹ̀lì.

Iye owó tí ẹ fẹ́ ná lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ti pinnu rẹ̀ nílé. Ẹni tó bá dé ìdí tábìlì kó tó máa ṣírò owó, ojú àlejò kò ní jẹ́ kó ṣe é bó ti yẹ.

Káàdì báńkì méjì, kí wọ́n má ṣe jẹ́ ti báńkì kan náà, àti owó bébà díẹ̀ fún ibi ìgbọ́kọ̀sí àti fún agbáwo.

Àkọsílẹ̀ ohun tí ara àwọn àlejò yín kò gbà: ẹ̀pà, edé, wàrà, ẹyin. Ẹ bi wọ́n léèrè fúnra yín, ẹ má ṣe rò pé wọn yóò sọ. Àgbàlagbà ilẹ̀ wa lè dákẹ́ nítorí ìtìjú, kó sì wá máa họra ní alẹ́.

Ibi tí ẹ ó máa kọ nǹkan sí, ìbáà jẹ́ bébà tàbí inú fóònù: orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn, ọjọ́ tí ẹ pè, àti ohun tó sọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ irú ọjọ́ tí ẹ mú

Sátidé àti Sọ́ńdè kì í ṣe ọjọ́ kan náà lójú onílé oúnjẹ. Láti Mọ́ńdè sí Fráídè, àwọn òṣìṣẹ́ báńkì àti ilé-iṣẹ́ ńlá tó kún Victoria Island àti Marina ló ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán, àwọn ni wọ́n ń dáná dè. Tó bá di Sátidé, ọ́fíìsì tì, àwọn oníbàárà wọ̀nyẹn sì ti wé gèlè, wọ́n ti dé fìlà, wọ́n ti lọ sí òwàm̀bẹ̀. Onílé oúnjẹ tó bá tan jẹnẹrétọ̀ láti aago méjìlá nítorí tábìlì méjì péré ń sun owó ni. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń ṣílẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kí wọ́n lè pa owó òru.

Ní Sọ́ńdè, ọ̀rọ̀ yí padà. Ṣọ́ọ̀ṣì á tú, ebi á máa pa tọmọdé tàgbà, ìyá ilé kò sì fẹ́ lọ dojú kọ sítóòfù. Àwọn ilé oúnjẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, pàápàá àwọn ti hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì máa ń tẹ́ bọ́fẹ̀ kalẹ̀. Nítorí náà, bí ọjọ́ bá wà lọ́wọ́ yín láti yàn, Sọ́ńdè ni kí ẹ mú. Ẹ sì rí i pé ẹ ti jókòó kó tó di aago méjìlá àbọ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ láti ìsìn kejì tó dé.

Àwọn ọjọ́ kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ yẹra fún. Sátidé ni wọ́n máa ń dìbò ní Nàìjíríà, wọ́n sì máa ń dá ìrìnnà dúró lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ kì í tà. Láti 2016 ni eré ìje ẹlẹ́mìí-ẹṣin Èkó ti ń wáyé lọ́dọọdún, Sátidé kan nínú oṣù Kejì ló sì sábà máa ń bọ́ sí. Láti Surulere ni wọ́n ti ń sáré, wọ́n á gba orí Third Mainland Bridge dé Erékùṣù, wọ́n á sì ti ọ̀nà pa dé ibi tí wọ́n bá gbà. Ọjọ́ àwọn ìyá, èyí tó bọ́ sí Sọ́ńdè kẹrin àkókò Lẹ́ńtì, àti ọjọ́ àwọn bàbá ní Sọ́ńdè kẹta oṣù Kẹfà, tún ní wàhálà tiwọn: wọ́n máa ń dáná, ṣùgbọ́n tábìlì ti tán láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Ní oṣù Kejìlá, nígbà tí àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun bá ti dé tán, ẹ má ṣe jáde láìgba àyè sílẹ̀. Bí àlejò yín bá sì jẹ́ mùsùlùmí, ẹ wo kàlẹ́ńdà Ramadan kí ẹ tó pè é síbi oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ sún un sí ìṣínu.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yan àdúgbò kí ẹ tó yan oúnjẹ

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe é lódì. Wọ́n á rí àwòrán oúnjẹ kan tó wù wọ́n, wọ́n á wá fi wákàtí méjì wa mọ́tò lọ bá a.

Bí ẹ bá ń gbé ní Mainland, tí ẹ sì ń gbé àgbàlagbà jáde, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má sọdá omi. Ikeja GRA tó yín. Hòtẹ́ẹ̀lì Sheraton wà ní Mobolaji Bank Anthony Way, Marriott wà ní Joel Ogunnaike, Radisson Blu wà ní Isaac John, ilé oúnjẹ Yellow Chilli náà sì ní ẹ̀ka ní GRA. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ Surulere tàbí Yaba ni ẹ ń gbé, ẹ lè sọdá. Afárá Third Mainland gùn tó kìlómítà mọ́kànlá ó lé díẹ̀, ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ Sọ́ńdè, kíá ni ẹ máa débẹ̀. Ìpadàbọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ṣọ́.

Àwọn tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn lè wọ ọkọ̀ ojú irin láti Moniya dé ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson ní Ebute Metta, kí wọ́n sì gba táksí láti ibẹ̀. Ẹ yẹ àkókò rẹ̀ wò kí ẹ tó dá ọjọ́, nítorí iye ìgbà tó ń lọ lópin ọ̀sẹ̀ kì í pọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ gba títì, kí wọ́n má ṣe é ní Sátidé tó tẹ̀ lé Fráídè àkọ́kọ́ nínú oṣù, torí àwọn tó ti ìsìn Holy Ghost ní ibùdó Redeem ń bọ̀ yóò ti kún ojú ọ̀nà láti ìdájí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ kọ orúkọ mẹ́ta sílẹ̀

Hòtẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, kì í ṣe nítorí pé oúnjẹ ibẹ̀ ló dùn jù. Àlejò tó sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ jẹun lọ́sàn-án Sátidé, ìbáà jẹ́ òwàm̀bẹ̀ gba gbogbo Èkó. Ìdí nìyẹn tí ilé ìdáná hòtẹ́ẹ̀lì kì í fi bẹ́ẹ̀ tì. Ní Victoria Island, ẹ ní Eko Hotel ní Adetokunbo Ademola, Lagos Continental ní Kofo Abayomi, Federal Palace ní Ahmadu Bello Way, èyí tó ti wà láti 1960, àti Radisson Blu Anchorage ní Ozumba Mbadiwe, tó kọjú sí ọ̀sà. Ní Ikoyi, ẹ ní Wheatbaker, tó kéré jù wọ́n lọ, tó sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹni tí ariwo kì í bá lára mu yóò fẹ́ràn rẹ̀.

Orúkọ kejì àti ìkẹta ni kí ẹ fi wá adùn. Terra Kulture ní Tiamiyu Savage dára fún àgbàlagbà tó fẹ́ jẹ oúnjẹ ilẹ̀ wa lórí tábìlì tó mọ́, ẹ sì lè wo àwòrán àti eré orí ìtàgé ní ọgbà kan náà. Ẹ ṣáà rántí pé lọ́jọ́ tí eré bá wà, èrò máa ń pọ̀. NOK tó wà ní Akin Olugbade máa ń fún oúnjẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní ìmúra tuntun, èyí tó máa ń dùn mọ́ àwọn ọ̀dọ́ nínú ju àwọn ìyá wọn lọ. Yellow Chilli ní tirẹ̀, ilá tí wọ́n fi ẹja àti edé sè ni wọ́n fi ń júwe rẹ̀. Iye wákàtí tí ibi kọ̀ọ̀kan ń ṣí kò sí nínú ìwé yìí, torí ó lè yí padà kí ẹ tó kà á dé ibí.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun tí ẹ bá kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún 2024, nígbà tí iṣẹ́ òpópónà etí òkun láti Èkó lọ sí Calabar bẹ̀rẹ̀, wọ́n wó ọ̀pọ̀ ilé ìtajà àti ilé fàájì tó wà ní etíkun Landmark. Àkọsílẹ̀ tó ń yin àwọn ibi wọ̀nyẹn kò wó pẹ̀lú wọn. Ó ṣì wà lórí fóònù, tàwòrán-tàwòrán. Ẹ wo déètì ohun tí ẹ ń kà. Lórí Google Maps, ẹ má ṣe wo ìràwọ̀ márùn-ún. Ẹ lọ sí ibi tí àwọn oníbàárà ti kọ̀wé, kí ẹ tò ó láti orí tuntun, kí ẹ sì wá ẹni tó jẹun ọ̀sán níbẹ̀ ní Sátidé tàbí Sọ́ńdè nínú oṣù méjì sẹ́yìn. Fọ́tò tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn hàn nínú rẹ̀ dára ju ti alẹ́ lọ fún ohun tí à ń wá yìí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ pè

Ibí ni gbogbo iṣẹ́ wà. Ọjọ́bọ̀ ni kí ẹ pè, láàárín aago mẹ́ta sí márùn-ún, nígbà tí èrò ọ̀sán ti lọ tí ti alẹ́ kò sì tíì dé. Ẹ má ṣe fi WhatsApp nìkan ránṣẹ́. Ẹni tó ń dáhùn lórí rẹ̀ lè máà sí ní ilé oúnjẹ náà rárá.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe sábà máa ń lọ nìyí:

“Ẹ káàsán o. Ṣé ẹ máa ṣí ní Sátidé?”

“Bẹ́ẹ̀ ni mà, a máa ń ṣí lójoojúmọ́.”

“Ẹ ṣé.”

Ó tán. Obìnrin yẹn á gbé àwọn ọmọ rẹ̀ débẹ̀ ní aago kan, wọ́n á ṣílẹ̀kùn fún un lóòótọ́, wọ́n á fún un ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n á sì sọ fún un pé alásè ń bọ̀ ní aago mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó purọ́ fún un. Ilẹ̀kùn ló béèrè, ilẹ̀kùn náà ni wọ́n dá a lóhùn.

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi wọ́n ni pé: “Ní Sátidé yìí, aago mélòó ni ilé ìdáná yín máa gba oúnjẹ àkọ́kọ́? Aago mélòó ló máa gba ìkẹyìn?” Ẹ dárúkọ déètì náà. Bí ẹni tó gbé fóònù bá ń kùn, ẹ ní kó béèrè lọ́wọ́ alásè, ẹ ó dúró. Àwọn ilé oúnjẹ kan wà tó ń dá iná dúró láàárín aago mẹ́ta sí mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ wọn kò ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin tí ẹ bá dé ní aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá máa jẹ ohun tó ṣẹ́kù.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni ti háyà gbogbo ibẹ̀ tàbí apá kan rẹ̀. Sátidé ni wọ́n ń ṣe ọjọ́ ìbí, ìdána kékeré àti ayẹyẹ aboyún. Ilé oúnjẹ tó gba irú ìyẹn kì í kéde rẹ̀ síta, ẹnu ọ̀nà ni ẹ ti máa gbọ́. Kódà bí wọ́n bá fún yín ní tábìlì, ẹ ó jẹun lábẹ́ ariwo MC tí ẹ kò pè.

Ẹ tún bi wọ́n pé mẹ́nù wo ni: ṣé gbogbo mẹ́nù ni, àbí ti ọ̀sán tó kéré, àbí bọ́fẹ̀ nìkan? Bí ó bá jẹ́ bọ́fẹ̀, ẹ béèrè iye tí wọ́n ń gbà lórí àgbà, iye tí wọ́n ń gbà lórí ọmọdé, àti ọjọ́ orí tí wọ́n fi ń ka ọmọdé sí àgbà. Ẹ béèrè bóyá iye owó kan wà tí tábìlì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ná, àti ìṣẹ́jú mélòó tí wọ́n máa fi di tábìlì mú bí ẹ bá pẹ́. Bí àgbàlagbà bá wà pẹ̀lú yín, ẹ béèrè àtẹ̀gùn, ẹ béèrè ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹ sì sọ pé ẹ kò fẹ́ jókòó sábẹ́ sípíkà.

Ẹ kọ orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an, ẹ tún pè lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí fóònù bá dún títí di aago mọ́kànlá tí ẹnikẹ́ni kò gbé e, ẹ gba ti hòtẹ́ẹ̀lì lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Owó àsansílẹ̀

Bí èrò yín bá pọ̀, wọ́n lè ní kí ẹ san owó sílẹ̀. Kò burú, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àwọn gbájúẹ̀ ti ń rí oúnjẹ jẹ. Wọ́n á ṣí ojú ewé Instagram tó jọ ti ilé oúnjẹ gidi, wọ́n á fi lẹ́tà kan kún orúkọ náà tàbí kí wọ́n yọ ọ̀kan kúrò, wọ́n á jí gbogbo fọ́tò kó síbẹ̀, wọ́n á wá máa fi ẹ̀dínwó pe èèyàn.

Ìlànà tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ nìyí. Nọ́ńbà tí ẹ bá rí lójú ewé Instagram, ẹ fi wé èyí tó wà lórí Google Maps tàbí lórí ìkànnì ilé oúnjẹ náà; bí wọn kò bá bára mu, ẹ dúró. Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì tiransífà, ẹ ka orúkọ akáǹtì tó yọ sójú áàpù báńkì yín. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ orúkọ ẹnì kan, kódà kí wọ́n ní mánéjà ni, ẹ má fi ránṣẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ mìíràn tí ẹ kò mọ̀, ẹ fóònù láti bi wọ́n. Ó lè jẹ́ orúkọ tí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì rí i pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá owó náà ṣeé gbà padà bí ọjọ́ bá yẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ ṣírò iye tó máa jáde gan-an

Iye tó wà nínú mẹ́nù kọ́ ni iye tí ẹ máa san. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú ewé tó kẹ́yìn nínú mẹ́nù náà, níbi tí lẹ́tà ti kéré jù lọ. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé owó orí kò sí nínú iye náà, ẹ múra. VAT jẹ́ ìdá méje àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún láti oṣù Kejì 2020. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní òfin tirẹ̀ láti 2009, tó ń gba ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lórí ohun tí a bá jẹ nílé oúnjẹ àti hòtẹ́ẹ̀lì. Ilé oúnjẹ fúnra rẹ̀ lè fi owó iṣẹ́ kún un, ìdá mẹ́wàá ló sì wọ́pọ̀.

Ká ní oúnjẹ àti ohun mímu yín jẹ́ ₦100,000. Owó iṣẹ́ ₦10,000, VAT ₦7,500, ti Ìpínlẹ̀ Èkó ₦5,000. Àpapọ̀ rẹ̀ di ₦122,500. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń ṣírò owó orí lórí owó iṣẹ́ pẹ̀lú, tí yóò fi ga ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ ₦100,000 ni gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ ná, oúnjẹ tí kò ju ₦80,000 lọ ni kí ẹ pè. Bí owó iṣẹ́ bá sì ti wà nínú bíìlì, kò di dandan kí ẹ tún fún agbáwo ní nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá ṣe dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ gan-an ni kí ẹ fi í sí, torí ti inú bíìlì lè máà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Nígbà tí ẹ bá débẹ̀

Bí ẹlòmíràn bá fẹ́ bá yín gbé ọkọ̀ sí àyè, ẹ gba tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ wò ó bóyá ó wọ aṣọ ilé oúnjẹ náà, kí ẹ sì kó fóònù, lápútọ́ọ̀pù àti páálí ìwé ọkọ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe gbé ọkọ̀ sí etí títì nítorí pé ẹnì kan sọ pé òun máa bá yín ṣọ́ ọ. Bí àwọn LASTMA tó ń darí ọkọ̀ bá dé, ẹ kò ní rí ẹni náà mọ́.

Ẹ yẹ bọ́fẹ̀ wò kí ẹ tó mú àwo. Èmi kò fi gbogbo ara gbà á gbọ́, mo sì ń sọ ìdí rẹ̀. Oúnjẹ gbígbóná gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n ọgọ́ta lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó kéré tán, títí ẹ ó fi bù ú. Bí ó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, kòkòrò àìfojúrí á máa bí sí i nínú rẹ̀. Ẹ ṣí ìdérí: bí èéfín kò bá jáde, tí iná ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ti kú, ẹ fi í sílẹ̀. Ìrẹsì tó ti tutù fún wákàtí púpọ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù jù, torí májèlé tí kòkòrò kan máa ń tú sínú rẹ̀ kì í kú bí wọ́n bá tún un gbé kaná. Sàláàdì tó ní máyònéèsì, àti ẹja àti edé tí wọ́n ń jẹ ní tútù, gbọ́dọ̀ wà lórí yìnyín tí kò tíì yọ́. Ẹni tó bá dé ní aago méjìlá jẹ bọ́fẹ̀ tuntun. Ẹni tó dé ní aago mẹ́ta jẹ èyí tí àwọn èèyàn ti ń mí sí láti ìgbà náà. Bí ẹ bá ti pẹ́, ẹ pa bọ́fẹ̀ tì, kí ẹ pe oúnjẹ láti inú mẹ́nù.

Lórí ohun tí ara kò gbà, ẹ má ṣe sọ ọ́ bí ẹni ń ṣàwàdà. Ẹ sọ fún agbáwo kó lọ sọ fún alásè, kó sì mú èsì wá. Yájì tí wọ́n ń fi sí sùúyà ní kúlíkúlí nínú, ẹ̀pà sì ni kúlíkúlí. Nínú ilé oúnjẹ ńlá, wọ́n lè fi yájì yìí wọ́n adìyẹ tàbí ẹja láìkọ ọ́ sínú mẹ́nù. Edé lílọ̀ sábà máa ń wà nínú ẹ̀fọ́ rírò, ẹ̀gúsí àti ọ̀pọ̀ ọbẹ̀, kódà èyí tí wọ́n pè ní aláìlẹ́ran. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹja tí wọn kò sè tàbí ẹran tí ẹ̀jẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, bó ti wù kí alásè fi ọwọ́ sọ̀yà tó. Bí ètè tàbí ojú ẹnikẹ́ni bá bẹ̀rẹ̀ sí wú, tàbí tí èémí rẹ̀ bá ń há, ẹ má ṣe dúró de bíìlì. Nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó ni 112 tàbí 767.

Ẹni tó máa wakọ̀ padà kò gbọ́dọ̀ mu ọtí, ìbáà jẹ́ ife wáìnì kan. Ẹ yan ẹni náà nílé, kí ẹ tó jáde.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Sísan owó

Ẹ ka bíìlì ní ìlà dé ìlà. Omi tí ẹ kò pè, búrẹ́dì tí wọ́n kàn gbé síwájú yín, ìgò kan tó di méjì: ibẹ̀ ni wọ́n máa ń wà. Òfin ọdún 2018 tó dá FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, sílẹ̀ sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ gbà lọ́wọ́ oníbàárà ju iye tí wọ́n kọ síta lọ. Nítorí náà, bí iye oúnjẹ kan nínú bíìlì bá ju ti mẹ́nù lọ, ẹ ní kí wọ́n gbé mẹ́nù wá. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló máa ń jẹ́ kí mánéjà tètè yọjú.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí káàdì yín kúrò lójú yín. Ẹ ní kí wọ́n gbé P.O.S. wá sídìí tábìlì, ẹ wo iye tó wà lójú rẹ̀ kí ẹ tó tẹ PIN, kí ẹ sì fi ọwọ́ bò ó. Bí ẹ̀rọ náà bá ní owó kò lọ, tí àlááàtì sì ti wọlé sórí fóònù yín, ẹ má ṣe san lẹ́ẹ̀kejì lójú ẹsẹ̀. Ẹ gba bébà tó jáde láti ara P.O.S. náà, ẹ fi àlááàtì han mánéjà, kí ẹ jọ dúró díẹ̀ wò ó bóyá owó ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí kò bá dé, ẹ wá fi káàdì kejì san, kí ẹ gba àkọsílẹ̀ pé ti àkọ́kọ́ kò wọlé, kí ẹ sì fi ẹjọ́ sun báńkì yín ní Mọ́ńdè.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Àwọn kan máa ń gba àyè fún èèyàn mẹ́rin, wọ́n á kó mẹ́jọ wá. Ní ọjọ́ tí èrò bá pọ̀, wọ́n lè pín yín sí tábìlì méjì tó jìnnà síra, èyí tí ìyá ọkọ kì í gbàgbé. Àwọn mìíràn máa ń wọ ṣòkòtò péńpé àti sílípáàsì torí pé ọ̀sán ni. Ẹ béèrè irú aṣọ tí wọ́n ń gbà nígbà tí ẹ bá ń pè. Ẹ má sì ṣe gbé ọmọ kékeré lọ síbi tó ń di ilé ọtí ní ìrọ̀lẹ́ láìbéèrè, torí àwọn kan kì í gba ọmọdé wọlé.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí èèyàn máa wá ilé oúnjẹ tó dára jù l'Ékòó. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún alẹ́ ọjọ́ mìíràn. Fún ọ̀sán Sátidé, èyí tí alásè rẹ̀ ti dé ibi iṣẹ́ ni ẹ ń wá, bí kò bá tilẹ̀ lókìkí.

Bí Sọ́ńdè tó ń bọ̀ ni ẹ ní lọ́kàn, Ọjọ́bọ̀ yìí ni kí ẹ pè, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti orí hòtẹ́ẹ̀lì.